Ẹ Má Gé Àmì Ohùn Kúrò Lórí Ọ̀rọ̀ Nítorí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń bí mi nínú. Bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń fi loop to string, iṣẹ́ tí a sábà máa ń fún un ni pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Loop yóò mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi í síwájú ohun tí ó ti kó jọ. Bí a bá fi "cat" sí i, "tac" ni yóò jáde, inú olùkọ́ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá bá fi "ọ̀rọ̀" sí i, àmì ohùn kan yóò gun orí "r", èkejì yóò sì dúró níwájú láìní lẹ́tà kankan lábẹ́. Nígbà náà ni àwọn kan yóò ní: "Yọ àmì náà kúrò, kọ̀ǹpútà kò fẹ́ ẹ."

Irọ́ ni! Ẹ̀kọ́ náà ni ó kùnà, nítorí ó sọ pé ohunkóhun tí loop bá mú lẹ́ẹ̀kan ni lẹ́tà. Lẹ́tà 3 ni "ọ̀rọ̀" lójú wa. Python sì máa ń kà á sí 5. Unicode ní kóòdù kan ṣoṣo fún "é", èyí tí àwọn Faransé náà ń lò, ṣùgbọ́n kò ní irú rẹ̀ fún "ọ̀": "ọ" gba kóòdù kan, àmì ohùn gba òmíràn. Bí a bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, iye náà di 7.

Àwọn kan yóò ní kí a jẹ́ kí ọmọdé kọ́ èyí tí ó rọrùn ná. Mo bi wọ́n: ẹni tí ó bá ti kọ́ láti máa gé àmì, ìgbà wo ni yóò dáwọ́ dúró? Òun kan náà ni yóò kọ ètò tí yóò máa gba orúkọ wa sílẹ̀ lọ́la. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò wá di ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí loop tó so ẹyọ kan mọ́ èyí tí ó wà nílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi unicodedata.combining léèrè: 0 ni ìdáhùn fún lẹ́tà, 230 ni fún àmì ohùn wa. Bí ó bá jẹ́ àmì, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà tí ó ṣáájú rẹ̀. Kí ó kó gbogbo wọn sínú list, kí ó sì fi join so wọ́n pọ̀ ní ìparí. Èyí tún sàn ju kí a máa fi + so string, nítorí + lè máa da gbogbo ohun tí a ti kó jọ kọ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní ti Swift, òun fúnra rẹ̀ ń ka "ọ̀rọ̀" sí 3.

"Gb" nìkan ni ó kù. Lẹ́tà 4 ni "gbogbo" nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ṣùgbọ́n 6 ni kọ̀ǹpútà yóò kà. Àwa ni a ó kọ́ loop ní ìyẹn, kò sí ẹni tí yóò bá wa ṣe é.

Ẹ̀yin olùkọ́, "ọ̀rọ̀" ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, kì í ṣe "cat". A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.