Bí Kọ̀ǹpútà Kò Bá Jí, Ẹ Má Tíì Pè É Ní Òkú

 

Lẹ́tà tí tíṣà kan kọ sí mi ni a óò jọ gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ni ó ní, Ubuntu ni ó sì ń lò lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà, láti táàmù kìíní dé ìkẹta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó tan án, kọ̀ǹpútà náà dúró fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó sì kọ ọ́ sí ojú dúdú pé òun ti wọ "emergency mode", èyí ni ipò pàjáwìrì. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò pẹ́ tí ẹni náà wò ó tí ó fi sọ pé dísìkì rẹ̀ ti kú, pé kí ó mú owó wá kí òun pa ohun gbogbo rẹ́, kí òun sì tún un tò. Tíṣà wa wá bèèrè pé: "Ṣé òótọ́ ni pé máàkì àwọn ọmọ mi ti ṣègbé?"

Ìdáhùn mi ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun rẹ́. A kì í dájọ́ ikú fún dísìkì kí a tó mọ ibi tí ìrìn kọ̀ǹpútà ti dúró.

Ubuntu yìí, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2004, jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé Linux. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Ẹnikẹ́ni ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ka bí a ti kọ ọ́, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Ìwà kan tí ó dára sì wà lára rẹ̀: kì í sábà fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Bí ó bá kọsẹ̀, ó máa ń sọ ibi tí ó ti kọsẹ̀. Àwa ni a kì í fẹ́ kà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi jíjí kọ̀ǹpútà wé bí a ti ń ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀.

Èkíní, ọlọ́dẹ á ṣí géètì. Èyí ni UEFI, tàbí BIOS nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́. Inú ṣíìpù kékeré kan ni ó ń gbé, kì í ṣe inú dísìkì. Òun ni ó ń wò bóyá àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà pé. Bí kò bá rí dísìkì níbí, ọ̀rọ̀ kò tíì kan Linux rárá. Ẹ wo wáyà dísìkì náà bóyá ó ti yọ. Bí wáyà bá le dáadáa, ó ṣeé ṣe kí dísìkì náà ti kú ní tòótọ́.

Èkejì, a ó lu agogo. Èyí ni GRUB, tí ń pe Linux jáde láti inú dísìkì. Bí ẹ bá rí "grub rescue" lójú kọ̀ǹpútà, a jẹ́ pé ọlọ́dẹ ti ṣí géètì, ṣùgbọ́n a kò rí agogo. GRUB ni kò rí fáìlì tirẹ̀; fáìlì tiyín lè wà níbẹ̀ láìfarapa.

Ẹ̀kẹta, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á wọlé. Èyí ni kernel. Ó ń gbé àpò kékeré kan dání tí à ń pè ní initramfs. Irinṣẹ́ tí yóò fi wá dísìkì kàn tí yóò sì fi ṣí i ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ìrìn bá dúró síbi tí a kọ initramfs sí, nínú méjì, ọ̀kan ni: bóyá ọ̀gá kò rí dísìkì, tàbí ètò inú dísìkì ti dàrú. Irú ìdàrúdàpọ̀ báyìí lè ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni systemd, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2010. Òun ni igbákejì ọ̀gá tí ń pín iṣẹ́ fún àwọn tíṣà. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ /etc/fstab. Rẹ́jísítà ni ìwé yìí: gbogbo dísìkì tí ó gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó ni a kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀. Bí ó bá pe orúkọ kan tí kò rí ẹni dáhùn, yóò dúró dè é fún 90 ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá dé síbẹ̀, yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì wọ ipò pàjáwìrì.

Níbí ni lẹ́tà tíṣà wa ti yé mi. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: ó ra dísìkì àfikún kan, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú fstab, ó sì yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní dísìkì náà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ ò rí i bí? Dísìkì tí wọ́n pè ní òkú ni ó gbé e dé ìpele kẹrin. Dísìkì tí kò sí nílé ni a ń dúró dè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí ó bá ti wọlé ní ipò pàjáwìrì náà, kí ó kọ journalctl -xb láti ka ohun tí systemd sọ. Lẹ́yìn náà kí ó fi nano ṣí /etc/fstab, kí ó fi àmì # sí iwájú ìlà dísìkì àfikún náà, kí ó sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti gba àtúnṣe sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ kọ mount -o remount,rw / ná. Bí dísìkì náà bá padà dé, kí ó fi ọ̀rọ̀ kan, nofail, kún ìlà rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: bí ẹni yìí kò bá wá, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun kan tún kù. Orúkọ bíi sda àti sdb dà bí nọ́ńbà tí a fún ọmọ bí wọ́n ti ń dé kíláàsì. Ẹni tí ó ṣáájú lónìí lè kẹ́yìn lọ́la. UUID ni ó dà bí orúkọ tí a sọ ọmọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Òun ni kí ẹ kọ sínú fstab. Àṣẹ lsblk -f ni yóò fi í hàn yín.

Ṣùgbọ́n n kò sọ pé dísìkì kì í ṣàìsàn. Èyí tí ń yí nínú lè máa dún kà-kà-kà. Èyí tí kì í yí kì í dún rárá. Bí ẹ bá kọ sudo dmesg tí ẹ sì rí "I/O error" lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ fura. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ sudo smartctl -a /dev/sda, kí ẹ wo ìlà 5 àti ìlà 197 lára dísìkì tí ń yí. Ìlà 5 ń ka ibi tí ó ti bàjẹ́ tí a ti fi òmíràn rọ́pò. 197 ń ka ibi tí kò ṣeé kà tí a kò tíì rọ́pò. Bí iye wọn bá ń pọ̀ sí i, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ "PASSED" tí ẹ rí lókè.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi Linux tí ó wà lórí fláàṣì tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kó fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn. Bí ó bá ń kọ̀, ètò kan wà tí ń jẹ́ ddrescue. Ó máa ń kó ibi tí ó dára ná, kí ó tó padà sí ibi tí ó le. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó mú fsck jáde, nítorí fsck ń kọ nǹkan sórí dísìkì, ó sì lè dá kún àìsàn èyí tí ń kú lọ. Ẹ má sì lò ó láé lórí dísìkì tí ó ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ìwé onígbèsè yín wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tíṣà tí máàkì ọmọ wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ìpele wo ni ó ti dúró? Kí ni smartctl sọ? Níbo ni ẹ̀dà fáìlì mi wà? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gbé ẹrù yín, ẹ máa lọ. Bí kọ̀ǹpútà yín bá sì ń jí dáadáa lónìí, ẹ ṣe ẹ̀dà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.