Páálí tí mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣí

Láti Atakpamé ni mo ti ń kọ̀wé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi nǹkan sínú páálí ṣúgà mẹ́fà, mo lẹ̀ wọ́n pa, mo pín wọn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́gbẹẹgbẹ́. Ẹ mì ín, ẹ gbé e wò, ẹ má ṣí i. Ẹgbẹ́ kan búra pé ìṣó ni. Ọmọbìnrin kan láti ẹgbẹ́ mìíràn gbé òòfà tí mo tú lára rédíò àtijọ́ sún mọ́ ọn: kò fà. Wọ́n jiyàn títí, àwọn tó ní ìṣó ni sì fẹnu ara wọn sọ pé kì í ṣe ìṣó. Ibẹ̀ gan-an ni sáyẹ́ǹsì wà.

Wọ́n bẹ̀ mí kí n ṣí i. Mo kọ̀. Ta ló ti gbẹ́ ilẹ̀ dé àárín ayé rí? Síbẹ̀, bí ìmìtìtì ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá ni àwọn onímọ̀ fi mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Olùkọ́ kan yọjú, ó bínú: Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe Faransé! Ó ní ṣé mo ti gbàgbé "signal" ni, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ilé. Mi ò gbàgbé, wọ́n gbé e kọ́ mi lọ́rùn rí. Ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ Faransé kiri kò ráyè jiyàn. Kí wọ́n fi èdè ilé rò ó tán, kí wọ́n wá fi Faransé kọ ọ́, torí BEPC kò gbọ́ Ifẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé gan-an, láti 1996 ni Georges Charpak, tó gba Nobel ní 1992, ti dá La main à la pâte sílẹ̀, kí ọmọdé lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ dán nǹkan wò.

Ọmọkùnrin kan ṣì ń tẹ̀ lé mi lójoojúmọ́: "Mùsé, kí ló wà nínú ẹ̀?" Mi ò tíì sọ fún un.