Kí Ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ Tó Di Ẹrù: Ìlú Àtijọ́, Ilé-odi àti Etí Òkun

Nínú gbogbo àdúgbò tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, bóyá ni a fi rí èyí tí ọ̀nà àjò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí ìgboro Èkó àti sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń pè ní Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ń dúró ní Òṣòdì. Bàálù tó ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ń fò kọjá lórí òrùlé wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni títì márosẹ̀ tó gba ẹ̀bá Ìsọlọ̀ kọjá lọ sí Àpápá ń já sí Mile 2, níbi tí ọ̀nà Àgbádárìgì ti gba iwájú lọ títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Síbẹ̀, ìrìnàjò tí ọ̀pọ̀ olùgbé ibẹ̀ mọ̀ kò ju ti ọjà, ti òkú àti ti ìgbéyàwó lọ. Ìrìnàjò ìgbafẹ́, èyí tí í ṣe àjò tí ènìyàn ń rìn nítorí pé ó fẹ́ sinmi, kí ó sì mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n kà á sí ohun tí àwọn olówó ń ṣe. Àwọn tó sì ń gbìyànjú rẹ̀ sábà máa ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tàbí ti Iléyá, nígbà tí owó ọkọ̀ ti gun òkè, tí etí òkun kún fọ́fọ́, tí àárẹ̀ ìrìn sì ju ìsinmi tí wọ́n wá lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọgbọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan oṣù, kí ó tó yan ibi tí yóò lọ. Ìdí ni pé òkun ní àsìkò tirẹ̀. Etíkun tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó lọ dé Tógò jẹ́ iyanrìn gbọọrọ tí kò sí àpáta tàbí erékùṣù kan níwájú rẹ̀ tí yóò dá ìgbì dúró, nítorí náà gbogbo ìgbì tó ti apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ ń wá fọ́ sórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni ìgbì yìí ń le jù lọ, inú àkókò yìí gan-an sì ni ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ya wọ etí òkun Kuramo ní Èkó, tó sì gbé àwọn ènìyàn lọ láti inú ibi tí wọ́n sùn sí. Òbí tó bá kó ọmọ lọ wẹ̀ nínú òkun ní oṣù yẹn, nítorí pé ilé ìwé ti padé, ti fi àyè sílẹ̀ fún ewu tí oṣù kejìlá tàbí oṣù kejì ì bá dín kù fún un. Ewu náà kì í sì í tán pátápátá ní oṣù kankan.

Ohun tó ń pa ènìyàn jù ní etí òkun kì í ṣe ìgbì tó ń hó yàà tí gbogbo ojú ń rí. Omi tí ìgbì gbé wá sí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ó sì sábà máa ń gba ojú kan jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣàn tóóró kan tó lágbára, tí ojú rẹ̀ rọ̀, tí ìfóòfó kò pọ̀ níbẹ̀, èyí tó ń mú kí ẹni tí kò mọ̀ rò pé ibẹ̀ ló dára jù láti wẹ̀. Ẹni tí ìṣàn yìí bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jìjàkadì láti padà tààrà sí ibi tó ti wọlé, nítorí pé kò sí òmùwẹ̀ tí kì í rẹ̀. Kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè, kí ó sì máa wẹ̀ lọ ní ìbú, ní ìbámu pẹ̀lú etí omi, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó kọrí sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bẹ́ sómi tẹ̀lé e bí kò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa, tí a jù sí i, wúlò ju òkú ẹni kejì lọ. Àwọn tí ọtí ti wọ̀ lára kò ní ohun tí wọ́n ń wá nínú òkun rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọdé fẹsẹ̀ kan omi òkun lè yan Tarkwa Bay, nítorí pé àwọn odi òkúta tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ní ọdún 1908 ń gba ìgbì dúró níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé ènìyàn débẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ yẹn láìwọ ẹ̀wù ìléfòó.

Òkun líle yìí kan náà ló ṣàlàyé ìdí tí ẹni tó bá ń wá ilé-odi kò fi ní rí i ní Àgbádárìgì. Ilé-odi ni ilé ńlá tí a fi òkúta kọ́, tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí a sì to ìbọn àgbá sí orí rẹ̀ kí ọ̀tá má baà gbà á. Àwọn Potogí kọ́ irú rẹ̀ sí Elmina, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ní ọdún 1482. Àwọn ará Họ́láńdì gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1637, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní ọdún 1872. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ wá débẹ̀, ìbẹ̀rù pé òyìnbó mìíràn lè wá jí òwò wúrà náà gbà sì ni ìdí àgbá àti ògiri. Òkúta pọ̀ létíkun níbẹ̀, àpáta tó yọ sínú òkun sì ń fún ọkọ̀ kéékèèké ní ibi gúnlẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí ní apá ọ̀dọ̀ tiwa. Iyanrìn àti ọ̀sà ló wà níbí, ìgbì sì ń dojú ọkọ̀ dé tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òkun òyìnbó fi ń dúró lójú agbami, tí ó sì jẹ́ pé àwọn atukọ̀ adúláwọ̀ tó mọ ọwọ́ ìgbì nìkan ló lè fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kó ẹrù àti ènìyàn kọjá. Àwọn ọba etíkun yìí kò sì fi ilẹ̀ etí omi lé àlejò lọ́wọ́. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, inú ìlú ni wọ́n ti gbà kí àwọn Potogí kọ́ odi tiwọn ní ọdún 1721, èyí tó jìnnà sí òkun tó bíi kìlómítà 4, kí ojú ọba lè máa tó wọn.

Ẹni tó bá mọ èyí kò ní kùn, bí ó bá dé Àgbádárìgì tó bá ilé pẹlẹbẹ onípáánù níbi tó ti ń retí ilé-odi. Ilé tí Séríkí Williams Abass ń kó ẹrú pa mọ́ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian Baracoon, jẹ́ ilé oníyàrá kéékèèké tí kò ga, bárákúùn sì ni orúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ títí ọkọ̀ yóò fi dé. Abass fúnra rẹ̀ ni a tà lẹ́rú nígbà èwe, kí ó tó padà wá di olóyè àti olówò ńlá. Ìtàn bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti pín sí ti olè àti ti olóhun, òun gan-an sì ni ó yẹ kí òbí fara balẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ sọ, dípò kí wọ́n sáré ya fọ́tò kí wọ́n sì kúrò. Ilé ìdílé Mobee ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de ẹrú, ìwọ̀n irin náà sì ń sọ ohun tí ìwé kò lè sọ. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó gba orí ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, tí àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Ọjọ́ kan kò tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá jáde ní Òṣòdì láàárọ̀, tó fẹ́ padà lálẹ́, yóò lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ó sùn síbẹ̀ ní alẹ́ kan ó kéré tán.

Ní òpópónà Marina ní Àgbádárìgì kan náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842, tí wọ́n sì parí ní ọdún 1845. Ní ọdún 1845 ni Samuel Ajayi Crowther àti Henry Townsend gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò láti tètè lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kú, ọ̀nà dí, wọ́n sì wà ní Àgbádárìgì di ọdún 1846. Nígbà tí Crowther wá dé Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n ní Òṣòogùn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìdílé tó ti rí Àgbádárìgì fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ fún ọdún mìíràn. Ìrìnàjò yẹn ló bá ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn mu, nítorí pé òkun kò sí nínú rẹ̀, òjò sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Red Line yóò gbé wọn láti Òṣòdì dé Agége, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ìjọba àpapọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn ti ń dúró. Ibùdó Abẹ́òkúta, tí wọ́n sọ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ni kí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìdí Olúmọ, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e lè tẹ̀ síwájú dé Òṣogbo, níbi tí igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ní ayé ní ọdún 2005, wà pẹ̀lú ère tí Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà mọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn èrò, kí ó má lọ ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun.

Kódà, àwọn tí owó kò tíì tó lọ́wọ́ wọn ní ìtàn nítòsí. Orúkọ Òṣòdì rọ̀ mọ́ Òṣòdì Tápà, olóyè jagunjagun tó wá láti ilẹ̀ Tápà, tó dúró ti Ọba Kòsọ́kọ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé ọba náà kúrò ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, tó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́, tó sì padà wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó ní ọdún 1862. Kí ọmọ tí a bí sí Òṣòdì tó dé Gánà, ó yẹ kí ó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àlàyé púpọ̀, nítorí pé kò sí oníṣòwò ní Òṣòdì tàbí ní ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ tí kò mọ àjọ dá. Àjọ tí wọ́n ń dá fún aṣọ ẹbí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n lè dá fún àjò láti oṣù kìíní, bí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta bá sì jọ dá a, wọn yóò lè jọ háyà ọkọ̀ kan. Ohun tó dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé owó aṣọ ẹbí mẹ́rin tí a rán lọ́dún kan, tí a kò sì wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ti lè ju owó tí ìdílé kan yóò fi rí Àgbádárìgì.

Ìrìnàjò sí òkè òkun kékeré, ìyẹn sí Benin, Tógò àti Gánà, ni ó gba ètò jù. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ó wá ní ọwọ́ òfìfo. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tó ṣì lágbára, kí ó sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kò ní ẹ̀rí kankan nígbà tí wọ́n bá dá a dúró níwájú. Ó gbọ́dọ̀ ní káàdì yẹ́lò, èyí tó ń jẹ́rìí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kò sì tún ní parí mọ́ títí ayé ẹni náà, nítorí náà ẹni tó bá ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ kò ra ohun kan ju ìwé lọ. Ọmọdé tí kò bá bá òbí rẹ̀ méjèèjì rìn nílò ìwé ìyọ̀ǹda. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, sídì ni ti Gánà, aago Tógò àti Gánà sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa.

Bí wọ́n bá gba orí ilẹ̀, ẹnubodè mẹ́ta ni wọn yóò kọjá kí wọ́n tó dé Accra: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao, nígbà tí wọ́n bá sì ti Accra kọrí sí ìwọ̀ oòrùn ni wọn yóò bá Cape Coast àti Elmina, tí kò jìnnà síra wọn. Kí wọ́n má ṣe rí ilé-odi méjèèjì ní ọjọ́ kan. Ní Cape Coast, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń há àwọn ọkùnrin mọ́ wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn, ọkàn ènìyàn sì nílò ààyè lẹ́yìn irú ìran bẹ́ẹ̀. Ní ti Ouidah, tó wà lójú ọ̀nà, ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni ọdún Vodun níbẹ̀, ilé ìtura kì í sì í rọrùn láti rí ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọdún náà, kí ó ti san owó yàrá sílẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, kí àwọn tó kù dúró di ìparí oṣù kìíní, nígbà tí àwọn èrò Kérésìmesì ti padà sílé, tí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sì ti fúyẹ́.