Ohun ọ̀fẹ́ tó wà nínú fóònù ọmọ yín



Ọ̀rọ̀ tèmi lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ewé, kì í ṣe ti odù. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ni babaláwo tó ka ìwé mẹ́wàá, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, fẹ́ sọ nípa fóònù. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí nínú ilé, ó sì lè kan ẹ̀yin náà.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin wà ní yunifásítì. Ọdún kejì ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Òun náà ló ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ kò dùn. Ó di ọjọ́ kẹta kí ìyá ẹ̀ tó gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹ̀: kárióófà mẹ́ta. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tilẹ̀ wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Wọ́n ti yí ọjọ́ padà, orí WhatsApp kíláàsì ni wọ́n kọ ọ́ sí, láàárín ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ àti àwòrán ọjọ́ ìbí. Kò rí i. Níbo ló wà lọ́jọ́ ìdánwò ọ̀hún? Ó wà nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bá mi bọ Ifá. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ni.

Ìyá ẹ̀ wá bá mi lálẹ́. Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ forí jì mí o. Tó bá jẹ́ pé ọmọ yìí ò ní í lè ṣe méjèèjì, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ sì mọ èyí tí à ń sanwó ẹ̀.”

Mi ò lè fèsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nínú ilé awo. Ẹ̀gbọ́n mẹ́rin ló ní, kò sí èyí tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ nínú wọn. Tí eléyìí bá tún lọ, ọpọ́n tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, ta ni màá fi lé lọ́wọ́?

Mo dá Ifá. Ohun tí Ifá wí, ti inú ilé ni. A rú ẹbọ, ẹbọ sì dà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ẹbọ kì í bá ọmọ kàwé. Tí a bá rúbọ tán, ó ku ọwọ́ ẹni.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan ló gbà wá. Òun ti ṣe tán ní yunifásítì tiẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó tì wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gba fóònù ọmọ yìí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Bàbá, ọmọ yín ò yọ̀lẹ. Kò ní ètò ni.” Ó fi àwọn nǹkan kan hàn wá tí a ò san kọ́bọ̀ lé lórí. Àwọn ni mo fẹ́ kà fún yín.

Àkọ́kọ́ ni Google Calendar. Kàlẹ́ńdà ni, bí èyí tó wà lára ògiri yín, àmọ́ eléyìí máa ń pariwo. Wọ́n kó gbogbo ọjọ́ sínú ẹ̀: kíláàsì, iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn, tẹ́ẹ̀sì, ìdánwò. Wọ́n ní kó máa ta ọmọ lólobó nígbà méjì, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àti ọjọ́ kan ṣáájú. Ó wá fún un ní òfin kan: lálaalẹ́ kó tó sùn, kó ka WhatsApp kíláàsì wọn, ohun tó bá jẹ mọ́ ọjọ́, kó gbé e lọ sórí kàlẹ́ńdà lójú ẹsẹ̀. Ó ní WhatsApp, ọjà ni. Kàlẹ́ńdà ni ilé. Èèyàn kì í tọ́jú ẹrù sáàárín ọjà.

Mo bi í pé, “Ọ̀sẹ̀ Ifá wa ń kọ́? Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ti òyìnbó ni fóònù mọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ibi tó ń jẹ́ Repeat, ó yan Custom, ó kọ 4 síbẹ̀, ó ní kó máa padà wá bẹ́ẹ̀. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọrọọrún ni à ń bọ Ifá, ọjọ́ márùn-ún. Ó ní, “Bàbá, àwa ń ka òní mọ́ ọn. Fóònù kì í ka òní.” Òótọ́ ni! Ẹ fi sọ́kàn o: ohun tí àwa bá pè ní ọrọọrún, 4 ni kí ẹ kọ, ohun tí a bá pè ní ìtàdógún, 16 ni kí ẹ kọ. Ẹ mú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan tó dá yín lójú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ọ̀sẹ̀ Ifá ti tò sórí fóònù ní àwọ̀ ewé, ìdánwò wà ní pupa. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Mo rí àwọn ọjọ́ tí ewé àti pupa pàdé, wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń pe ọmọ yìí wá sílé, mi ò bi í rí pé kí ló ní lọ́wọ́. Òun náà ò sì lè wo ojú bàbá kó ní òun ò wá. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, kì í ṣe ti Ifá.

A wá ṣe àdéhùn. Ọjọ́ tí àwọ̀ méjèèjì bá pàdé, kò gbọ́dọ̀ wá sílé. Ó ti gba ọwọ́ Ifá kan, ikin ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Á jí ní ìdájí, á fi omi tútù àti obì bọ Ifá ẹ̀ níbi tó wà, á sì gba gbọ̀ngán ìdánwò lọ. Ìyá ẹ̀ gbọ́ ọ, ara ẹ̀ rọlẹ̀.

Èkejì ń jẹ́ Anki. Ẹni tó ṣe é ń jẹ́ Damien Elmes, láti 2006 ló sì ti wà. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù Android, AnkiDroid ni kí ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Lórí iPhone, wọ́n ń gbowó ẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù tán, ọmọ lè máa lò ó láìsí dátà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ọmọ fúnra ẹ̀ á kọ ìbéèrè sí iwájú káàdì, á kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn ẹ̀. Fóònù á bi í, òun á dáhùn láti inú orí ara ẹ̀ kó tó ṣí ẹ̀yìn wò. Á wá sọ bóyá òun mọ̀ ọ́n tàbí òun ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó mọ̀, fóònù á gbé e jìnnà: á tún bi í lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀, ó di oṣù. Èyí tí kò mọ̀, wéré ló máa gbé e padà wá bá a.

Nígbà tó ṣàlàyé ẹ̀ tán, mo kígbe pé, “Olúwo mi rèé!” Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Ifá lọ́wọ́ àgbà mọ ohun tí mò ń wí. Kí àkùkọ tó kọ, olúwo mi á ti jí mi. Á ní, “Ka ti àná. Ka ti ìjẹta. Ka èyí tí mo kọ́ ẹ lóṣù tó lọ.” Kì í kọ́kọ́ kà á fún mi gbọ́. Á jẹ́ kí n wá a nínú orí mi, kí n làágùn, kí n kọsẹ̀. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀ ló máa tún bi mí lálẹ́. Èyí tí mo bá kà já gaara, á fi í sílẹ̀ títí n ó fi rò pé ó ti gbàgbé ẹ̀, á wá dédé bi mí lójijì lọ́nà oko. Odù 256 kì í dúró lórí èèyàn lọ́nà mìíràn.

Àwọn òyìnbó náà ti wádìí ẹ̀. Ní 1885, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí ìrántí àti ìgbàgbé. Ara ẹ̀ ló fi dán an wò. Ó ń kọ́ àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń jò lọ. Ó rí i pé kíákíá ni púpọ̀ nínú ohun téèyàn kọ́ ń lọ, àti pé àkọ́túnkọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju èyí tí a kó jọ sọ́jọ́ kan. Ní 2006, àwọn méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dán an wò. Àwọn kan ka àkọsílẹ̀ kan ní àkàtúnkà. Àwọn kan kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló mókè.

Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi máa ń sọ pé, “Dádì, mo mọ̀ ọ́n lálẹ́ àná.” Kò purọ́. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́ lálẹ́ àná. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù kó sanra.

Ẹ̀kẹta kéré, kò tilẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì: aago inú fóònù, tó ń ka ìṣẹ́jú wálẹ̀. Ará Ítálì kan, Francesco Cirillo, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Aago ilé ìdáná tó rí bíi tòmátì ló lò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Pomodoro, èdè wọn ni, tòmátì ló túmọ̀ sí. Kàwé fún ìṣẹ́jú 25, sinmi fún 5. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, sinmi pẹ́ díẹ̀. Nínú 25 yẹn, fóònù á dojú bolẹ̀. Ọmọ tí kò lè jókòó wákàtí mẹ́ta lè jókòó ìṣẹ́jú 25. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ìyókù, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni. Kárióófà kan nínú mẹ́ta yẹn, ìṣirò ni, ìpìlẹ̀ ẹ̀ ló sì ti mẹ́hẹ. Ó lọ sí Khan Academy, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò láti orí èyí tó rọrùn jù lọ títí dé ti yunifásítì, lọ́fẹ̀ẹ́. Kò tijú, ó padà síbi tó ti sọnù. Àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá Zotero. George Mason University ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2006. Ó ń bá wọn tọ́jú orúkọ gbogbo ìwé tí wọ́n kà, á sì tò ó fún wọn ní ìparí. Kí wọ́n sì fi iṣẹ́ wọn pamọ́ sórí Google Drive: àyè 15GB ló wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ tàbí olè gbé e, iṣẹ́ ò ní í bá a lọ.

Ó ku ìkìlọ̀ mẹ́ta.

Ọ̀kan: ẹ má jẹ́ kí ọmọ kó nǹkan mẹ́wàá sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣètò láti àárọ̀ dalẹ́ kò tíì kàwé. Méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Èjì: àwọn ẹ̀rọ kan ti wà báyìí tó ń dáhùn ìbéèrè, bíi ChatGPT tó jáde ní 2022. Kí ọmọ ní kó ṣàlàyé ohun tí kò yé e, kò burú, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé nítorí ó máa ń ṣì í. Àmọ́ tó bá jẹ́ òun ló ń bá a kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un, ó dà bí ọmọ awo tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ki Ifá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọpọ́n ka òun nìkan síwájú, kí ló fẹ́ ṣe?

Ẹ̀ta, ti ilé wa nìyí. Ọmọ mi ti ń fi Anki kọ́ ẹsẹ Ifá pẹ̀lú. Mo fọwọ́ sí i, ó ń fi ohùn mi sínú káàdì, kó lè gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n Anki ní ibi tí èèyàn ti ń pín káàdì fún gbogbo ayé. Èyí tó bá jẹ́ ti ìta, ẹ lè pín in. Ohun igbódù kò gbọ́dọ̀ wọ fóònù rárá, ká má tíì sọ pé a pín in. Ọ̀fẹ́ ni fóònù. Awo kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Nínú kárióófà mẹ́ta, ó ti yege nínú méjì. Ó ku ti ìṣirò, ó máa tún un ṣe. Kò tíì tán, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ pé kó fi Ifá sílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdánwò ló ní, kò wá. Èmi nìkan ni mo jókòó ti ọpọ́n. Bí mo ṣe ń da omi sílẹ̀ ni fóònù mi dún. Òun ni. Ó ní, “Àbọrú àbọyè, Bàbá. Mo ti bọ tèmi. Mò ń lọ sí gbọ̀ngán.” Mo ní, “Àbọṣíṣẹ, ọmọ mi. Máa lọ.”

Ẹ̀yin àgbà ilé awo, kí ẹ tó pe ọmọ wá sílé nígbà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló wà lórí kàlẹ́ńdà ẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Orí àwọn ọmọ wa ò ní í fọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ò ní í jò dànù. Àṣẹ. Ó di oṣù mẹ́ta òní.