Ẹran Ìgbẹ́ Kì í Ṣe Ohun Ìṣeré

Ní àgbàlá kan ní Oregbeni, níhìn-ín ní ìlú Benin, mo bá àwọn ọmọdé tí wọ́n yí apẹ̀rẹ̀ ká. Ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan ká jọ sínú rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù. Ó jọ ọmọ òòrẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òòrẹ̀. Bushiya ni àwọn Haúsá ń pè é. Láti ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè Ọya ni wọ́n ti gbé e wá, ẹ̀bà ni wọ́n sì ń fún un jẹ.

Bàbá wọn ní àwọn òyìnbó a máa sìn ín. Òtítọ́ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1991, a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn láti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n inú ilé ni a bí àwọn tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ lónìí sí. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ California ka sísìn rẹ̀ léèwọ̀. Inú ìgbẹ́ ni a ti mú tiwa. Kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀, òru ni ó ń jẹ̀. Bí ó bá ká jọ, ẹ̀rù ni ó ń bà á, kì í ṣe eré.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, bí wọ́n bá gbé e wá tà fún yín, ẹ má ṣe rà á. Ẹni tí ó rà á ni ó tún rán ọdẹ padà sínú ìgbẹ́.