Ẹ Má Pè É Ní Ọ̀rọ̀ Ìbò

Sí ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, láti Boundary dé Tólú, láti Àmùkòkò dé Kiríkirì.

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá gba gbohùngbohùn, tó ní obìnrin tí kò bá dìbò bí àwọn ṣe fẹ́ yóò rí ohun tójú rẹ̀ ò rí rí, àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Bí ẹnìkan bá bínú, àgbà kan á ní: "Fi í sílẹ̀ jàre, ọ̀rọ̀ ìbò ni. Bí ìbò bá ti lọ, ó parí náà nìyẹn." Irọ́ ni gbólóhùn yẹn, irọ́ tó ń pani sì ni. Ìhàlẹ̀ tí wọ́n ń ṣe mọ́ obìnrin lásìkò ìbò kì í bá ìbò lọ. Èéfín ni. Ẹni tó bá rí èéfín tó ní kò kan òun, ilé ta ló rò pé ó ń jó?

Ní Kogi lọ́dún 2019, ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá ni wọ́n dìbò gómìnà. Ọjọ́ kejìdínlógún ni wọ́n dáná sun Salome Abuh, aṣáájú obìnrin nínú ẹgbẹ́ PDP, mọ́nú ilé rẹ̀ ní Ochadamu. Ìbò ti lọ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Nígbà tí ìbò gómìnà Èkó ti ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2023 kù sí dẹ̀dẹ̀, fídíò kan jáde níbi tí MC Oluomo, ọ̀gá tó ń mójú tó àwọn gáréèjì l'Èkó nígbà náà, ti ní kí Ìyá Chukwudi jókòó sílé rẹ̀ bí kò bá fẹ́ dìbò fún àwọn. Ariwo ta. Agbẹnusọ ọlọ́pàá Èkó ní àwàdà ni.

Ẹ tún orúkọ yẹn gbọ́: Ìyá Chukwudi. Nínú gbogbo Ìgbò tó wà l'Èkó, wọn ò pe bàbá, wọn ò pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà ní Aláàbà. Ìyá ni wọ́n pè. Àwa Yorùbá kì í la orúkọ mọ́ abiyamọ lórí. Orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é, ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n mú, tí wọ́n sọ ọ́ di àmì tí a ó fi mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ jáde. Kò sí ojúlé kan ní Ajégúnlẹ̀ tí kò ní Ìyá Chukwudi tirẹ̀. Òun ló ń bá ọ wo ọmọ nígbà tí o bá lọ sọ́jà. Òun lo yá ìyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá.

Bó bá sì jẹ́ àwàdà, ẹ wo ìgbà tí wọ́n dá a. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìbò gómìnà yẹn, wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya ojú obìnrin kan ní ibùdó ìdìbò ní Sùúrùlérè. Ó lọ di ojú rẹ̀, ó padà wá, ó sì dìbò. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn kí àwàdà tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Èjìgbò ti Ọ̀ṣun, ẹ bi wọ́n nípa Abidjan ní Ivory Coast. Ìlú èbúté bíi Àpápá ni, ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò sì ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 làwọn olóṣèlú ibẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ivoirité dé: ta lọmọ onílẹ̀, ta làlejò. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá, ọdún 2000, wọ́n bá òkú 57 lójú kan ní Yopougon. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, wọ́n kó àwọn obìnrin Dioula, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní àlejò, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì fipá bá wọn lò pọ̀ níbẹ̀. Human Rights Watch gbé e jáde nínú ìròyìn wọn ní 2001. Kò mi ìlú. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kò sẹ́ni tó ka ara obìnrin sí ìkìlọ̀. Kò pé ọdún méjì, ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ogun bẹ́. Ìbò 2010 tún dá òmíràn sílẹ̀: nǹkan bí 3,000 èèyàn kú, wọ́n sì tún fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀ nítorí ẹ̀yà wọn.

Ní Rwanda náà, rédíò tó ń ru àwọn apànìyàn sókè ni gbogbo ayé rántí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá, ọdún 1990, ìwé ìròyìn Kangura ti tẹ òfin mẹ́wàá fún àwọn Hutu. Obìnrin Tutsi ni òfin àkọ́kọ́ dojú kọ. Ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ló wà láàárín òfin yẹn àti ìpakúpa 1994. Nígbà tó di 1998, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá Jean-Paul Akayesu lẹ́bi, ó sì sọ pé ìfipábánilòpọ̀ lè jẹ́ ara ohun èlò tí wọ́n fi ń pa ẹ̀yà kan run.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé Èkó kì í ṣe Kigali. Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ yìí kan náà ni Yorùbá àti Ijaw ti pa ara wọn ní ìparí ọdún 1999. Ibẹ̀ náà ni ìjà Yorùbá àti Hausa ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2000, tó ràn ká Èkó, tí òkú sì lé ní 100. Àwọn tó jà yẹn ti jọ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà kó tó di pé wọ́n yọ àdá síra wọn.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni ìfipábánilòpọ̀, kí a má kó o pọ̀ mọ́ òṣèlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ obìnrin lórí gbohùngbohùn, obìnrin náà nìkan kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ kánópì ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń fi ara ẹni tí kò ní olùgbèjà hàn wọ́n. Bí àgbà bá rẹ́rìn-ín, tí ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ti gbàṣẹ nìyẹn. Ìbò á lọ. Àwọn ọmọ yẹn ò ní lọ. Oríta kan náà ni wọ́n á wà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí obìnrin yẹn bá ń ti ìsọ̀ rẹ̀. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ sí i, ta ni yóò lọ fẹjọ́ sùn?

Òfin kò dákẹ́. Abala 92 nínú òfin ìdìbò 2022 ti ka ọ̀rọ̀ èébú àti ọ̀rọ̀ tó lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀ léèwọ̀ nínú ìpolongo. Èkó ní àjọ DSVA fún ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Mirabel Centre ti ń tọ́jú àwọn tó kàgbákò láti 2013, ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 72 ni oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ wọ ara, kí obìnrin sì tó ti Ajégúnlẹ̀ kọjá láàárín táńkà àti tírélà dé Ìkẹjà, ìtìjú ti lè dá a padà sílé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá àti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn gbé irú ibẹ̀ wá síbi tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Ìpolongo 2027 ń bọ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí olùdíje bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ tó gba ankárá ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í níwájú gbogbo èèyàn ohun tó máa ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá halẹ̀ mọ́ obìnrin, ìbáà ṣe Ìyá Chukwudi, ìbáà ṣe Ìyá Bọ́lá. Bí kò bá ní èsì, kó máa kó ankárá rẹ̀ lọ. Bí ìhàlẹ̀ náà bá sì wáyé, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí ọlọ́pàá bá dúró tì í tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀ náà.