Iná Pupa Bíréèkì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò gba Lọ́kọ́ja lọ sílé fún ọdún Iléyá pẹ̀lú ọmọ nínú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí a fi mẹ́nu ba iná yìí.

Bí a ti ń ti Kubwa lọ sẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè wa ní Idu ni tiwa tàn. Hánbíréèkì wà nílẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì ni ó ti lọ sísàlẹ̀ àmì MIN. A bu DOT 3 sí i, irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí, iná sì kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó tún tàn, a tún bu sí i. Ìyàwó wa bi wá pé níbo ni ọ́ìlì náà ń lọ. A kò rí èsì fún un.

Nígbà tí a tú táyà iwájú, pádì ti jẹ, ó ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí pádì bá ṣe ń jẹ ni ọ́ìlì ń sọ̀ kalẹ̀ láti dí àyè rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jò. A ra tuntun ní Apo, tọ̀tún tòsì. Bí a ti ń ti písítìnì padà, ọ́ìlì tí a ti bù kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì bó ọ̀dà mọ́tò wa! A tẹ pẹ́dà títí ó fi le kí a tó gbéra.

Bí pẹ́dà tiyín bá ń wọlẹ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí tí ọ́ìlì bá rin táyà, ẹ má wà á rárá. Ẹ pe mọkáníìkì wá síbi tí ó wà.